Mà Ni Mo Ní Kó Máa Pè Mí

Kàósárà, ti ilẹ̀kùn yẹn kí o wá jókòó. Akeem, ọkọ ọmọ mi, bá mi pa tẹlifíṣọ̀n. Rùkáyà, gbé àga rẹ sún mọ́ mi, ibi tí mo ti lè máa rí ojú rẹ. Ìwọ gan-an ni mo ní kí wọ́n pè wá láti Ikeji-Arakeji sí Dàda Estate yìí lónìí. Àwọn yòókù, ẹlẹ́rìí ni wọ́n. Ọ̀rọ̀ kan wà lọ́nà ọ̀fun mi láti ọdún márùn-ún bí egungun ẹja. Kò lọ sísàlẹ̀, kò sì jáde. Dókítà ti sọ fún mi pé ọkàn mi ti wú ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ̀yin náà sì ń wo ẹsẹ̀ mi bó ṣe rí. Mi ò fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ yìí wọ sàréè. Wọ́n ní òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Èmi Àpìkẹ́ tí mo fi ogójì ọdún ta abọ́ ní Ọjà Ọba, òtítọ́ ni mo pàtẹ lónìí. Ẹ má bá mi ná an. Ẹ ṣáà gbọ́ ọ.

Ọjọ́ Àìkú tó kọjá ló fà á. Rùkáyà, o wá sí àsálátù wa pẹ̀lú àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ, ẹ̀yin tí ẹ ń lọ káàkiri mọ́sálásí àti ṣọ́ọ̀ṣì láti kọ́ àwọn abiyamọ nípa jẹjẹrẹ tó ń mú ọmọdé. O dìde níwájú gbogbo wa, o ń fi ìka ka àmì kókó inú ọpọlọ: orí tó ń fọ́ ọmọ ní gbàrà tó bá jí, èébì tí kì í ṣe ti oúnjẹ, ẹsẹ̀ tó ń ta gbọ́ngbọ́n, ojú tó ń rí nǹkan kan ní méjì, ọrùn tó wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. O wá nawọ́ sí mi. O ní, 'Ẹ wo ìyá ọkọ mi. Ọjọ́ tí àìsàn náà hàn sí wọn ni wọ́n gbé ọmọ mi dìde. Èmi tí mo bí i ni mo kùnà. Mo fi ojú mi méjèèjì rí ọrùn ọmọ mi tó wọ́, mo sì padà síbi iṣẹ́.' O sunkún. Àwọn obìnrin yíjú sí mi, wọ́n ń kí mi pé mo ṣe bí ìyá. Mo sì dáhùn. Àsítàgàfúrù-láì, mo dáhùn! Mo ní, 'Ẹ ṣé o, a dúpẹ́ fún Ọlọ́run.' Ẹnu mi yìí kan náà.

Ẹ̀bi tí o ń gbé kiri ìlú yẹn, Rùkáyà, kì í ṣe tìrẹ. Èmi ni mo dì í, èmi ni mo gbé e rù ọ́. Jẹ́ kí n tò ó bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Nígbà tí Nùrẹ́nì ọmọ mi bá jàǹbá ọkọ̀ lọ lójú ọ̀nà Iléṣà, Ikhlas ọmọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún mẹ́fà. O ríṣẹ́ sí ilé ìdáná yunifásítì ní Ikeji-Arakeji, ìparí oṣù lo ń wálé, ọmọ sì wà lọ́dọ̀ mi. Ẹni tó bá rí Ikhlas ti rí Nùrẹ́nì: iwájú orí kan náà, èjí kan náà. Tó bá ti ilé ẹ̀kọ́ dé, ìsọ̀ mi ló ń bọ̀, á máa to abọ́ mi bó ṣe wù ú, aláwọ̀ ewé pẹ̀lú aláwọ̀ ewé, pupa pẹ̀lú pupa. Tí oníbàárà bá ra ọ̀kan, á káwọ́ lérí: 'Ìyá àgbà, wọ́n ti tú ilé mi ká o!' Mo fẹ́ràn ọmọ yẹn. Ibi tí ọ̀rọ̀ mi ti burú nìyẹn. Ká ní mo kórìíra rẹ̀ ni, ẹ ò bá kúkú pè mí ní ìkà, kó tán síbẹ̀.

Kàósárà, má bínú, mo gbọ́dọ̀ dá orúkọ rẹ. O ti lé lọ́mọ ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n nígbà yẹn. Ọkùnrin méjì ti wá, wọ́n sì ti lọ. Bí mo bá dé ibi ìsọmọlórúkọ, wọ́n á ní, 'Ti Kàósárà náà á kàn o,' mo sì mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Bẹ́ẹ̀ ni Akeem dé, ọmọ Iléṣà, ọmọlúàbí. Ẹ sì mọ bí a ṣe ń ṣe nílẹ̀ wa. Kí wọ́n tó so yìgì, wọ́n á wádìí. Wọ́n á bi aládùúgbò, wọ́n á bi ará ọjà: ṣé wèrè wà nínú ìdílé wọn? Ṣé wárápá wà níbẹ̀? Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ọmọ ìyá mi, wọ́n ti gbé ẹrù ìdána rẹ̀ wá tán kí ẹnì kan tó lọ ta ìdílé ọkọ lólobó pé àbúrò wa kan a máa ṣubú, itọ́ a sì máa hó lẹ́nu rẹ̀. Wọ́n wá kó ẹrù wọn padà. Ojú mi ló ṣe, mo dúró sẹ́nu ọ̀nà tí wọ́n ń kó o kọjá. Ẹ̀gbọ́n mi kò lọ́kọ títí ó fi kú. Láti ọjọ́ náà ni mo ti gbà pé àìsàn tó bá ti jẹ mọ́ orí, àlejò kò gbọdọ̀ gbọ́ ọ.

Oṣù kìíní ọdún tí a so yìgì náà ni orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ Ikhlas. Àárọ̀ ni. Bó bá ti jí, á di orí mú, á bì, tó bá yá ojú rẹ̀ á wálẹ̀, á ní kí n fún òun lẹ́kọ. Mo ní ọgbọ́n àìfẹ́ lọ ilé ẹ̀kọ́ ni. Mo ní, 'Ìwọ ọmọ yìí, orí wo ló máa ń mọ ìgbà tí aago ilé ẹ̀kọ́ fẹ́ lù?' Mo nà án lẹ́ẹ̀mejì. Ọwọ́ mi rèé. Orí tí omi kún inú rẹ̀, pankẹ́rẹ́ ni mo fi ń tọ́jú ẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í da omi sílẹ̀ tó bá gbé ife. Ó ń fara gbá ògiri tó bá ń rìn. Lọ́jọ́ kan ó jókòó sí ìsọ̀, ó fọwọ́ bo ojú kan, ó ń rẹ́rìn-ín: 'Ìyá àgbà, tí mo bá la ojú méjèèjì, ẹ̀ ń di méjì. Èwo ni kí n dá lóhùn nínú yín?' Èmi náà bá a rẹ́rìn-ín.

Tíṣà rẹ̀, Àǹtí Phebe, ló gbé ìwé rẹ̀ wá bá mi lọ́jà. Ó ní, 'Ẹ wò ó mà, lọ́dún tó kọjá, lẹ́tà ọmọ yìí ń tọ ìlà. Ẹ wo tìsinsìnyí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí dókítà rí i.' Mo gbé e lọ sí ọsibítù kan níbí, ní Òṣogbo. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni dókítà náà, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀. Ó ní kí Ikhlas máa rìn lórí ìlà kan nílẹ̀, kí gìgísẹ̀ kan máa kan ọmọ ìka ẹsẹ̀ kejì. Ìṣísẹ̀ kẹta ló ṣubú. Ó tan iná sí i lójú, ó wò ó pẹ́. Nígbà tó gbójú sókè, ojú rẹ̀ ti yàtọ̀. Ó ní, 'Ìyá, ẹ̀yìn ẹyinjú rẹ̀ ti wú. Nǹkan kan ń ti ọpọlọ rẹ̀ láti inú. Ẹ̀rù ń bà mí pé kókó ni, irú èyí tó ń mú ọmọdé a sì máa yára dàgbà. Ẹ gbé e lọ sí Ìbàdàn pẹ̀lú ìwé yìí, kí wọ́n ya àwòrán inú orí rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ yìí parí.' Ọjọ́ kẹrin oṣù kejì ni. Mo gba ìwé náà, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Títí mo fi délé, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ń dún létí mi: ọpọlọ. Àwọn ará Iléṣà ti ránṣẹ́ pé àwọn máa yà kí wa láìpẹ́. Tí mo bá gbé ọmọ lọ sí Ìbàdàn, gbogbo Ọjà Ọba á ti gbọ́ kí n tó débẹ̀. Mo wá ń bá ara mi sọ̀rọ̀: yìgì kò ju ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá lọ, ọjọ́ kejì yìgì ni mo máa gbé e lọ, orí tó ti ń fọ́ láti oṣù kan, á dúró dè mí. Ẹ gbọ́ ọgbọ́n orí mi o! Dókítà ní kí ọ̀sẹ̀ má parí, Àpìkẹ́ tí kò mọ̀wé ní ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá kò le. Ẹrù ìyàwó Kàósárà wà nílẹ̀ nínú yàrá, abọ́ tánganran aláwọ̀ ewé mẹ́fà, onídèérí, tó ń wọ inú ara wọn. Mo ká ìwé dókítà sí mẹ́rin, mo fi sínú èyí tó kéré jù, mo dé e, mo tò ó padà sínú àwọn ńlá, mo fi okùn dì í. Ó bá ọ délé ọkọ, Kàósárà. Ó wà nínú páálí lórí kọ́bọ́ọ̀dù rẹ, èyí tí o ní o ń tọ́jú de àlejò ńlá. Gbogbo ìgbà tí mo bá wá kí ọ nílé yìí ni mo ń wo páálí yẹn. Lọ gbé e wá. Má tíì tú u.

Ẹnì kan ṣoṣo ni mo sọ fún, Ìyá Testimony tó ń ta ike lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ mi. Ó kọ́kọ́ bú mi. Ó ní, 'Àpìkẹ́, orí ẹ pé? Ọmọ ń ṣàìsàn, ìwọ ń ro ti ìyàwó!' Nígbà tí mo bú sẹ́kún, àánú ṣe é. Ó ní, 'Ó dáa. Tí wọ́n bá dé, sọ pé ọmọ ọ̀dọ̀ ni. Tí wọ́n bá ti kẹ́yìn síta, gbé e lọ sí Ìbàdàn lọ́jọ́ kejì, mo bẹ̀ ọ́ lórúkọ Ọlọ́run.' Mo gba apá kan ìmọ̀ràn rẹ̀, mo da èyí tó kù nù. Tó bá bi mí pé ṣé mo ti gbé e lọ, mo ń sọ fún un pé a ti lọ, pé wọ́n ní ojú ni. Mi ò lè ti ọ̀rọ̀ yìí sí i lọ́rùn. Ẹni tí a bá fún lọ́gbọ́n tó fi ọgbọ́n náà ṣìkà, òun ló ṣìkà.

Mo pe Ikhlas láàárọ̀ ọjọ́ kan. Mo ní, 'Wò ó, àwọn àlejò kan ń bọ̀. Tí wọ́n bá dé, má pè mí ní Ìyá àgbà o. Mà ni kí o máa pè mí.' Ó ní, 'Bíi tíṣà?' Mo ní, 'Bíi tíṣà.' Ó ní, 'Ṣé eré ni?' Mo ní, 'Eré ni.' Ó tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́ nígbà yẹn, ó ní, 'Títí dìgbà wo?' Mo ní, 'Títí n óò fi sọ fún ọ pé àlejò ti lọ, ó tó.' Ó ní kò burú. Ọmọ tó ń gbọ́ràn ni, Rùkáyà. O tọ́ ọ dáadáa.

Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n wá. Ìyá Dúrósinmí, àbúrò bàbá Akeem, ló ṣáájú, pẹ̀lú obìnrin kan. Wọ́n kọ́kọ́ ṣe bí ẹni fẹ́ ra abọ́, wọ́n wá bá mi délé. Ikhlas jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bì tán ni. Ó dìde láti kúnlẹ̀ kí wọn, ó gbá ògiri mú, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń lọ́. Ìyá Dúrósinmí wò ó, ó wò mí. Ó ní, 'Ọmọ ulé yìí ni?' Ulé ni wọ́n ń pe ilé níbẹ̀. Ọmọ Nùrẹ́nì ni, èjí Nùrẹ́nì lẹ́nu rẹ̀. Ilé bàbá rẹ̀ ló dúró sí. Mo lanu mi, mo ní, 'Rárá o. Kì í ṣe ọmọ wa. Ọmọ ọ̀dọ̀ ni, wọ́n máa tó wá mú un.' Ikhlas ń wò mí. Mo ní, 'Àbí?' Ó ní, 'Bẹ́ẹ̀ ni, mà.'

Ẹ má sunkún kí n tó parí. Àánú ọmọ náà ṣe Ìyá Dúrósinmí. Ó mú ọsàn nínú àpò, ó bó o, ó nà án sí i. Ikhlas nawọ́, ọwọ́ rẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ ọsàn kọjá, nítorí ọsàn méjì ló ń rí, ó sì mú èyí tí kò sí níbẹ̀. Obìnrin náà rọra mú ọwọ́ rẹ̀, ó fi ọsàn lé e. Ó ní, 'Ẹ bá mi sọ fún ìyá ọmọ yìí kó gbé e lọ sí ọsibítù. Ara rẹ̀ kò yá.' Ẹni tí mò ń sá fún, òun ló ń bẹ̀ mí kí n gbé ọmọ mi lọ gba ìwòsàn. Mo ní màá sọ fún un. Bí wọ́n ṣe lọ, inú mi dùn. Mo ní ọ̀rọ̀ ti bọ́ sí i. Mi ò sọ fún Ikhlas pé ó tó, torí wọ́n tún lè padà wá.

O wálé níparí oṣù yẹn, Rùkáyà. O rí ọrùn rẹ̀, o rí bó ṣe rù. O ní, 'Ìyá, kí ló ń ṣe ọmọ mi?' Mo ní, 'A ti lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ó ní ojú ni. Mo ti ra jígí fún un.' Mo ti ra jígí lóòótọ́, mo rà á kí irọ́ mi lè lójú. O bi mí pé ṣé dókítà kọ ìwé kankan. Mo ní kò kọ. Nígbà tí Ikhlas pè mí ní mà lójú rẹ, o rẹ́rìn-ín, o ní, 'Ta ló kọ́ ọ ní òyìnbó yìí? O ti wá di ọmọ gbajúmọ̀!' Ó wò mí bóyá kí òun sọ. Mo fojú pa á lẹ́nu mọ́. O padà síbi iṣẹ́ nítorí pé o gbà mí gbọ́. Ohun tí o ń pè ní ẹ̀ṣẹ̀ rẹ níwájú àwọn obìnrin nìyẹn: pé o gbọ́ ọ̀rọ̀ sí ìyá ọkọ rẹ lẹ́nu, o sì gbà á.

A so yìgì. Wọn kò fún ọ láyè níbi iṣẹ́, Rùkáyà. Wọ́n jẹ, wọ́n mu. Ikhlas wà nínú yàrá ẹ̀yìn, mo ní ibà ni. Ọjọ́ kejì tí mo ṣèlérí fún ara mi dé, mo ní kí àlejò kó tán ná. Àárọ̀ ọjọ́ kẹta, mo pè é, kò dáhùn. Ojú rẹ̀ là, kò rí nǹkan kan. Ìgbà yẹn ni mo tó kígbe. Ìgbà yẹn ni gbogbo àdúgbò rí mi tí mo gbé e sẹ́yìn tí mò ń sáré láìwọ bàtà, òun ni wọ́n ṣe ń ròyìn mi di òní.

Ní Ìbàdàn, wọ́n ya àwòrán orí rẹ̀. Dókítà obìnrin tó gbà wá jókòó tì wá, ó fi sùúrù ṣàlàyé. Ó ní kókó náà wà ní ìpàkọ́, níbi tó ń jẹ́ kí èèyàn lè dúró kó má ṣubú, ó sì ti dí ojú ọ̀nà tí omi inú ọpọlọ ń gbà, bí ìdọ̀tí ṣe ń dí gọ́tà, ìdí nìyí tí omi fi ń pọ̀ lórí tí orí sì ń fọ́. Wọ́n fi rọ́bà tín-ínrín kan gba omi náà lọ sí ikùn. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ, láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Wọ́n yọ èyí tí wọ́n lè yọ, ṣùgbọ́n irúgbìn rẹ̀ ti bá omi sọ̀ kalẹ̀ sí ọ̀pá ẹ̀yìn. Dókítà bi wá pé ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀. Rùkáyà, o wò mí. Mo ní, 'Ojú nìkan ni tẹ́lẹ̀. Orí fífọ́ yìí kò tíì ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ.' Ó mi orí, ó ní ó máa ń yára lóòótọ́, ó ní ọmọ tí wọ́n bá tètè gbé dé, kó tó sọ̀ kalẹ̀ sí ẹ̀yìn, ọ̀pọ̀ wọn ló ń yè, tí wọ́n ń dàgbà, tí wọ́n ń ṣe ìyàwó. Mo fi ìborùn bo ẹnu mi. Mo tún wá bi í ní ìbéèrè kan, ẹ̀yin rò pé nítorí ọmọ ni mo fi bi í. Mo ní, 'Dókítà, ṣé àìsàn ìdílé ni?' Ó ní, 'Rárá, ìyá. Lọ́pọ̀ ìgbà, kì í tinú ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni wá. Kì í ṣe wárápá, kì í ṣe wèrè. Kò sí ẹni tó fi ràn án.' Ohun tí mo tìtorí rẹ̀ sẹ́ ọmọ mi, kò tilẹ̀ sí níbẹ̀.

Wọ́n tẹ́ ẹ sábẹ́ ẹ̀rọ ìtànṣán fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Wọ́n fa oògùn sí i lára, irun rẹ̀ jẹ. Ojú rẹ̀ padà díẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kan dókítà ń dán ọpọlọ rẹ̀ wò. Ó tọ́ka sí ọ, ó ní, 'Ta nìyí?' Ikhlas ní, 'Màmá mi.' Ó tọ́ka sí mi. Ikhlas wò mí, ó ní, 'Mà ni.' Dókítà ní, 'Mà wo?' Ó ní, 'Mà tí mò ń bá gbé.' Rùkáyà, o sá jáde lọ sunkún. O ní kókó ti jẹ ọpọlọ ọmọ rẹ, kò mọ ìyá bàbá rẹ̀ mọ́. Dókítà kọ ọ́ sínú ìwé. O ń sọ ọ́ di òní nínú ìwàásù rẹ pé àìsàn yìí a máa pa ìrántí ọmọ rẹ́. Èmi jókòó síbẹ̀, mo jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́. Mo jẹ́ kí ẹ máa bá mi kẹ́dùn pé ọmọ mi kò dá mi mọ̀ mọ́.

Ó dá mi mọ̀, Rùkáyà. Orí ọmọ rẹ pé. Mo ní kó pa á mọ́, ó sì pa á mọ́ lórí ibùsùn àìsàn, nígbà tí wọ́n ń gún un lábẹ́rẹ́, nígbà tí irun rẹ̀ ń jẹ. Mo ní oṣù mẹ́rin tí mo fi lè sọ ọ̀rọ̀ méjì fún un. Tó bá tún pè mí ní Ìyá àgbà, ẹ máa bi mí pé kí ló yí i padà, ìdí nìyẹn tí mi ò fi sọ ọ́.

Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ tó gbẹ̀yìn, o lọ bu omi gbígbóná wá. Ó ti rẹ̀ ẹ́ gan-an, ohùn rẹ̀ kò ju èémí lọ. Ó fi ìka pè mí. Mo gbé etí sún mọ́ ẹnu rẹ̀. Ó ní, 'Mà, ṣé àwọn àlejò yẹn ò tíì lọ?'

Mo gbọ́ ìró bàtà rẹ lẹ́nu ọ̀nà. Mo fi aṣọ bò ó dé ọrùn, mo ní, 'Sinmi.' Kò tún sọ ọ̀rọ̀ mìíràn sí mi mọ́. Àárọ̀ Jímọ̀ ló lọ.

Ní fìdáù, Ìyá Dúrósinmí wá kí wa láti Iléṣà. Ó rí fọ́tò Ikhlas lára ògiri. Ó pè mí sẹ́yìn ilé, ó ní, 'Ìyá Kàósárà, ọmọ tí mo bó ọsàn fún rè é.' Ó ní, 'Kí lẹ rò pé a máa ṣe? Ẹ̀ bá ti sọ fún mi. Èmi fúnra mi ni ǹ bá gbé e dé Ìbàdàn.' Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó kú lọ́dún tó kọjá, ó gbé àṣírí mi lọ. Èmi nìkan ló kù tó mọ gbogbo rẹ̀.

Kàósárà, tú páálí náà báyìí. Ṣí àwọn abọ́ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, títí dé èyí tó kéré jù. Ìwé náà rèé. Gbé e fún Rùkáyà. Ka déètì tó wà lórí rẹ̀, ọmọ mi, kí o rí i pé ẹ̀ṣẹ̀ náà kò sí lọ́rùn rẹ. Nígbà míì tí o bá dìde níwájú àwọn obìnrin, má sọ pé ìwọ lo kùnà. Gbé ìwé yìí sókè kí wọ́n rí i. Dárúkọ mi. Ní 'Àpìkẹ́, ìyá ọkọ mi, ló fi pamọ́.' Kí ẹ̀yin tí ẹ ṣì ń bímọ, tí ẹ ṣì ń fi ọmọ fọ́kọ, gbọ́: ẹni tó bá ní kí ẹ fi àìsàn ọmọ pamọ́ nítorí orúkọ ìdílé, ẹ sọ fún un pé ọmọ ni ìdílé. Ọmọ kú tán, orúkọ wo ló kù? Àárọ̀ tí orí ọmọ bá ń fọ́, tó ń bì, ẹ má mú pankẹ́rẹ́, ẹ má ra jígí lásán, ẹ gbé e.

Mi ò ní sọ pé kí o dárí jì mí lónìí, Rùkáyà. Tó o bá fẹ́ jáde, jáde. Tó o bá fẹ́ bú mi, èmi nìyí. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ ọ́, nǹkan kan ni mo fẹ́ kí o ṣe fún mi kí ọkàn tó wú yìí tó dákẹ́. Mú mi lọ síbi tí a sin ín sí. Di ọwọ́ mi mú dé ẹ̀gbẹ́ ibojì náà, torí ẹsẹ̀ mi kò gbé mi mọ́, kí o sì dúró tì mí kí o gbọ́ ọ, kó lè ní ẹlẹ́rìí. Mo fẹ́ sọ fún un pé, Ikhlas, ó tó. Àwọn àlejò ti lọ. Ọmọ ilé yìí ni ọ́. Ìyá àgbà rẹ ni mí, pè mí.